Ọjọ́ Tí Bàbá Di Apá Bàálù

Òórùn òrí ni í kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ojúde bàbá ìyá mi, kí ó tó rí ilé fúnra rẹ̀. Òrí yíyọ́, ewé tí a sè títí omi rẹ̀ fi dúdú, oparun tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là: òórùn wọn ti wọ inú ògiri débi pé bí òjò bá rọ̀, ilé náà á tún máa rùn bí ara aláìsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Abúlé kékeré ni, lẹ́yìn Olódò bí a bá ń lọ sí Lálúpọn, kò jìnnà sí ojú irin. Eegun ni Bàbá ń tò níbẹ̀, bí baba wọn ti ń tò ó ṣáájú wọn. Ẹni tí ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní Akínyẹlé, ẹni tí igi wó lù ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀dọ̀ wa ni ẹbí wọn ń gbé wọn wá. Títí di òní, bí obìnrin kan bá ṣí igbá òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, apá òsì ìyá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí bàálù.

O ti lè gbọ́ nípa adìẹ àwọn tí ń to eegun, ṣùgbọ́n bóyá o kò fi ojú rí i rí. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, ẹbí rẹ̀ á mú adìẹ kan dání. Bàbá á dá ẹsẹ̀ adìẹ náà, wọ́n á sì tò ó lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ènìyàn, òògùn kan náà, ìdì kan náà. Adìẹ yìí ni a fi ń mọ ibi tí ìwòsàn dé. Ọjọ́ tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, tí ó ń fi í tan ilẹ̀, ọjọ́ náà ni a ó tú ìdì lára ènìyàn, tí Bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn aláìsàn bẹ̀rù ju ìṣubú fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n á di oríkèé tí ó ti gan mú, wọ́n á máa ká a, wọ́n á máa nà án. Ẹni náà á máa ké, Bàbá á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ké dáadáa," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹni tó ń ké kò tíì kú." Mo ti rí géńdé ọkùnrin tí ó fẹ́ gé Bàbá jẹ lọ́jọ́ náà, tí ó padà wá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ìyá mi ni aláìsàn. Wọ́n ń bọ̀ láti odò, ìkòkò omi wà lórí wọn, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí àpáta, wọ́n sì fi ìgúnpá òsì lulẹ̀, eegun ibẹ̀ sì dá. Bàbá tí ó bí mi mú èmi àti ìyá mi lọ sí abúlé náà, ó fi wá síbẹ̀, ó padà sí oko rẹ̀. Aṣọ kíjìpá ni ìyá mi ń hun tà, apá méjèèjì sì ni òfì ń fẹ́. Gbogbo obìnrin ilé ló mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí ọ̀kan bá gan: olúwa rẹ̀ kò ní hun aṣọ mọ́, kò ní lè wé gèlè fúnra rẹ̀, yóò máa wá ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ pọ̀n. Ìyá mi ṣì ń bímọ lọ́wọ́ nígbà náà. Wọn kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tí wọ́n ń gbìyànjú láti mi ìka ọwọ́ òsì wọn lábẹ́ ìdì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ka ọmọ rẹ̀ wọlé.

Adìẹ ìyá mi tètè san. Adìẹ pupa kan ni, oníjà. Kò pẹ́ tí ó fi ń lé àwọn yòókù kúrò nídìí àgbàdo. Síbẹ̀ Bàbá kò tú ìdì apá náà. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń bèèrè, láràárọ̀ ni Bàbá ń sọ pé ó di ọ̀la.

"Bàbá, adìẹ mi ti ń sáré," ni ìyá mi wí lọ́jọ́ kan. "Èmi ṣì wà nínú igi."

"Adìẹ kò ní ìgúnpá," ni Bàbá dá wọn lóhùn.

Ìyá àgbà, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n! Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ká."

Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe àlùwàlá. Oòrùn kò tíì dé àtàrí rárá. Ìyá àgbà wo ojú ọ̀run, wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ wọn, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni Ìyá àgbà sọ. Mo ti wò ó dáadáa. Bí Bàbá bá fi ọwọ́ kan ìdì náà tí ìyá mi sì yí ojú padà díẹ̀, ńṣe ni Bàbá máa ń fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ọkùnrin tí igbe géńdé kì í mì ni ìfajúro ọmọ rẹ̀ ń lé kúrò nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn? Àwọn ni ọ̀gá. Kò sí ẹlòmíràn tí a lè gbé apá náà lọ bá.

Ọyẹ́ ọdún náà nípọn. Láàárọ̀, a kì í rí orí àwọn ọ̀pẹ tí ó wà létí ojú irin. Ọjọ́ kan la gbọ́ ariwo kan lókè tí ó kọjá lórí wa, tí ó padà, tí ó tún kọjá, tí ó ń sún mọ́lẹ̀ sí i. A ti gbọ́ ohùn bàálù rí, lókè réré, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bà sí ọ̀dọ̀ wa rí. Ojú irin ni ó ń tẹ̀ lé nínú ọyẹ́, epo rẹ̀ sì ti ń tán. Ó bà sórí ilẹ̀ tí a ti hú ẹ̀pà lórí rẹ̀, ó ta gìjà gìjà lórí ebè, ó sì dúró. Gbogbo wa sá wọ igbó. Nígbà tí a rí i pé ó dákẹ́, tí òyìnbó kan sì jáde láti inú rẹ̀ tí ó ń nu imú, a padà wá.

Mo dúró níbi tí mo ti lè rí apá rẹ̀ dáadáa. Apá méjì ló wà lókè ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí àjà ilé, igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà sì so wọ́n pọ̀. Kò tẹ̀ sẹ́yìn bí apá alápàáǹdẹ̀dẹ̀, kò sì rí ṣóńṣó. Ìbú rẹ̀ dọ́gba láti ìdí títí dé orí, orí rẹ̀ wá rí roboto bí ẹnu ṣíbí igi. Iwájú rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́, òkè rẹ̀ sì yọ gbùn-ún díẹ̀. "Bí apá adìẹ gẹ́lẹ́," ni mo gbọ́ tí Bàbá wí lẹ́yìn mi, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni.

Òyìnbó náà kò ju ọ̀dọ́ lọ, oòrùn ti bó o nímú. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Tíṣà ilé ìwé ìjọ, ẹni tí ó dé lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Òyìnbó náà kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó fi okùn so bàálù mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Tíṣà sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí apá, ó ń nawọ́ sí ojú ọ̀run.

Tíṣà kọjú sí Baálẹ̀. "Ó ní òun ń lọ sí Lálúpọn lọ fi wáyà ránṣẹ́ kí wọ́n gbé epo wá. Ó ní kí ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ bá òun tọ́jú bàálù yìí títí òun yóò fi dé. Apá rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ lè ṣe é léṣe."

"A gbọ́," ni Baálẹ̀ wí. Tíṣà gbé òyìnbó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ Tíṣà lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. A ń tọ́jú owó, a ń tọ́jú àlejò, a ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní abúlé mìíràn, wọn ì bá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí okùn náà, kí wọ́n sì jókòó. Ní abúlé tiwa, bí wọ́n bá ní kí a tọ́jú apá, a mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dìde. Ní ẹ̀yìn apá ìsàlẹ̀ bàálù náà, nítòsí orí rẹ̀, ibì kan gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè sódò, gbà, gbà, gbà. Èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì náà ń fì. Baálẹ̀ fi ọwọ́ lérí.

"Apá rẹ̀ ti yẹ̀! Ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́! Ẹ pe Bàbá wá!"

Bàbá wá. Wọn kò kánjú. Wọ́n fi ìka kan apá náà, wọ́n rí i pé igi ló wà nínú rẹ̀ tí aṣọ bò ó. "Igi àti aṣọ," ni wọ́n wí, inú wọn sì dùn. "Ẹni tó ṣe èyí mọ iṣẹ́ wa." Wọ́n gbé ibi tí ó ń fì náà sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó wà lódìkejì kígbe pé tiwọn ti lọ sílẹ̀. Bàbá sọ tibí kalẹ̀, tọ̀hún gòkè. Wọ́n ṣe é léraléra, wọ́n di ojú bí wọ́n ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ń wá ibi tí eegun ti dá lára ọmọdé.

"Iṣan kan ló so méjèèjì pọ̀," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ìrora ẹ̀gbẹ́ kan ti ran èkejì. Méjèèjì la ó dì."

"Adìẹ rẹ̀ ńkọ́?" ni ọkùnrin kan bèèrè.

Ìyá àgbà ti dáhùn kí ó tó pa ẹnu dé. "Adìẹ ta? Kí ẹnikẹ́ni má wo tèmi o! Kí òyìnbó mú tirẹ̀ bọ̀ láti Lálúpọn."

"Adìẹ kọ́ ló tọ́ sí i," ni ọkùnrin náà wí. " Àwòdì ni."

"Ó dáa, gòkè lọ mú un wá, a ń dúró dè ọ́."

Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n to pẹlẹbẹ oparun sókè àti sísàlẹ̀ ibi tí ó ń fì, wọ́n fa aṣọ ya, wọ́n fi yí apá náà po láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì dì í le. Wọ́n fi òrí pa á. Òórùn òrí àti òórùn epo bẹntiróòlù pàdé nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà, n kò sì tíì gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, apá méjèèjì dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin kan fi ìgúnpá gún ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Wò ó, ìwọ àti bàálù ti di ẹlẹgbẹ́." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ìdì tiwọn mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó dé pẹ̀lú Tíṣà àti àwọn aláàárù tí wọ́n ru agolo epo. Gbogbo wa ti wẹ̀, a dúró bí ẹni tí ń retí ìyìn. Òyìnbó kí wa, ó yí bàálù náà ká, ó sì dúró lójijì. Ó fi ọwọ́ kan ìdì. Ó gbìyànjú láti mi ibẹ̀, kò mì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá funfun ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bèèrè ohun kan, ohùn rẹ̀ sì le.

"Ó ní ta ló ṣe èyí?" ni Tíṣà wí.

Baálẹ̀ ti rí Ajẹ́lẹ̀ ìjọba òyìnbó lọ́kàn wọn, wọ́n ti rí ọlọ́pàá, wọ́n ti rí ẹ̀wọ̀n. "Àwa kọ́ o! Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ wo ló mọ kókó ta?" ni Ìyá àgbà sọ láàárín èrò.

Bàbá bọ́ síwájú. "Èmi ni. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí a tọ́jú apá rẹ̀. Mo sì tọ́jú rẹ̀."

Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Lóòótọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Bàbá, lóòótọ́ ni." Wọ́n wá yíjú sí òyìnbó, wọ́n sì ṣàlàyé fún un títí, wọ́n ń nawọ́ sí Bàbá, wọ́n ń nawọ́ sí apá ìyá mi. Òyìnbó jókòó lórí agolo epo. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. A rò pé ó ń sunkún ni, àfi ìgbà tí ó gbójú sókè tí a rí i pé ẹ̀rín ni. Kò sí ẹni tí ó bá a rín. A kò tíì mọ irú ẹ̀rín tí ó jẹ́.

Ó yọ ọ̀bẹ láti gé aṣọ náà, Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. A kì í fi ọ̀bẹ tú ìdì. Bàbá fúnra wọn ló tú u, kókó kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó ní kí Bàbá gòkè wá jókòó sí ààyè òun.

"Ẹ má gùn ún o!" ni Baálẹ̀ wí. Bàbá ti ń gùn ún.

Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ láàárín orúnkún ẹni tí ó bá jókòó. Òyìnbó gbé ọwọ́ Bàbá lé e, ó ní kí wọ́n tì í sí òsì. Ibi tí a rò pé ó yẹ̀ ní apá òsì gbéra sókè, ti apá ọ̀tún sì lọ sílẹ̀. Gbogbo wa hó yèè. Bàbá tì í sí ọ̀tún, ó yí padà. Wọ́n fà á mọ́ra, pẹlẹbẹ tí ó dùbúlẹ̀ ní ìrù gbéra. Tíṣà dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń túmọ̀ bí òyìnbó ti ń sọ ọ́.

"Ó ní kò yẹ̀, kò sì dá. Oríkèé ni. Bí èyí bá gòkè, afẹ́fẹ́ á tẹ apá náà wálẹ̀. Bí èkejì bá sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó yà. Èyí tó dùbúlẹ̀ nírù ló ń gbé imú rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Èyí tó dúró ṣánṣán ló ń bá a darí, bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi."

Bàbá kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá náà. "Bó bá gbéra pẹ̀lú ìdì mi ńkọ́?"

Tíṣà bèèrè. Ẹ̀rín kúrò lójú òyìnbó. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbọọrọ, ó gbé e lọ sókè tààrà. Ó jẹ́ kí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá tì í. Kò dá a padà. Ó jẹ́ kí ó máa tẹ̀ lọ, títí ó fi dojú kọ ilẹ̀. Tíṣà kò túmọ̀ ìyẹn. Kò sí ẹni tí kò yé.

"Mo di oríkèé," ni Bàbá wí.

Wọ́n wí i bí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń wò kì í ṣe apá bàálù mọ́. Ìyá mi ló dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìdì wọn láyà. Wọ́n gbójú sókè wo baba wọn. Mo rò pé bí ó bá jẹ́ pé ìyá mi sọ̀rọ̀ ni, Bàbá ì bá ti rí ohun tí wọ́n máa fi fèsì.

Bàálù náà lọ. Nígbà tí ó dé orí Ẹ̀gbẹ́dá, a rí i tí ó fi apá kan sísàlẹ̀, tí ó gbé èkejì sókè, tí ó sì yà wẹ́rẹ́ bí àṣá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá kò dúró wò ó. Wọ́n ti kọjú sí ilé.

Wọn kò jẹun. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n pe ìyá mi, wọ́n ní kí Ìyá àgbà di èjìká rẹ̀ mú. Wọ́n tú ìdì. Apá náà ti tẹ́ẹ́rẹ́, ìgúnpá rẹ̀ sì ti gan bí ìrókò. Bàbá wí pé "Bìsìmílláì," wọ́n dì í mú, wọ́n sì ká a. N kò lè ṣe àpèjúwe igbe tí ìyá mi ké. Mo gbọ́ igbe púpọ̀ nílé yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn ni mo sá fún. Nígbà tí mo padà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá ṣì ń ká a, wọ́n ṣì ń nà án. "Ké, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí, "ké dáadáa," omi sì ń ṣàn lójú tiwọn wọ inú irùngbọ̀n, wọn kò sì nu ún, nítorí pé ọwọ́ wọn méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láràárọ̀ títí ọyẹ́ fi kásẹ̀. Ìyá mi padà sídìí òfì. Wọ́n wé gèlè fúnra wọn, wọ́n pọn àbúrò mi méjì sẹ́yìn láìsí olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn kò kan èjìká òsì wọn mọ́ títí wọ́n fi kú. Ó máa ń ku bí ìbú ìka mélòó kan. Bàbá mọ ibi tí ó kù náà. Bí ìyá mi bá wá kí wọn, Bàbá á kọ́kọ́ wo ibẹ̀, kí wọ́n tó dáhùn ìkíni.

Mo ti rí bàálù púpọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní Alákìá lẹ́yìn ìgbà náà. Apá kan péré ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí, ó gbòòrò nídìí, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí orí. Irin ni, kì í ṣe aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gbéra, mo ṣì máa ń rí i tí ẹ̀yìn apá náà ń mì sókè sódò, bí ẹni tí ń dán oríkèé rẹ̀ wò. Àwọn tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń bá wọn rín, nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà àti adìẹ náà. Wọ́n á ní ojú á ti ti Bàbá. Ojú kò tì wọ́n nípa bàálù rí. Bàbá fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn.

Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mo ti wà ní ilé ìwé gíga nígbà náà, mo wá kí wọn ní àkókò ìsinmi, wọ́n ń la oparun, wọn kò wo ojú mi. "Ti bàálù," ni wọ́n wí, "ọ̀rọ̀ Tíṣà ló ṣì mí lọ́nà. Ti ìyá rẹ ńkọ́? Ta ló ṣì mí lọ́nà?" Wọ́n dúró bí ẹni pé èsì lè wà nínú ìwé tí mò ń kà. Mo kúnlẹ̀, mo bá wọn kó oparun jọ. Ìgbà tí èmi náà bímọ, tí mo sì mọ bí ọwọ́ ẹni ti máa ń fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú ọmọ ẹni bá yí padà, ni mo tó mọ ohun tí ǹ bá fi dá wọn lóhùn. Bàbá sì ti lọ.